Ẹ kọ́kọ́ bi ọkùnrin léèrè bóyá ó ti bímọ tán

Odidi ọdún méjì ni mo fi gba abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin, n kò sì ní bú abẹ́rẹ́ náà lónìí, torí pé ó ṣe mí lóore. Ẹni ọdún 38 ni mí nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan. Màá sùn fún wákàtí mẹ́jọ, màá sì jí bí ẹni tó fi gbogbo òru ru ẹrù. Nǹkan ọkùnrin mi kì í jí ní ìdájí mọ́. Bí ìyàwó mi bá fọwọ́ kàn mí lóru, ńṣe ni mò ń díbọ́n pé mo ti sùn. Èyí ló dùn mí jù, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ dénú, òun sì ti ń rò ó lọ́kàn pé bóyá mo ti rí ẹlòmíì níta. Ojú tì mí débi pé ó tó oṣù mẹ́wàá kí n tó la ẹnu sọ fún dókítà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ní kùtù àárọ̀, torí pé àárọ̀ ni họ́mọ̀nù yìí máa ń pọ̀ jù lára. Àkọ́kọ́ jẹ́ 212 ng/dL, èkejì jẹ́ 198. Ohun tí American Urological Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, sọ ni pé ohun tí kò bá ti tó 300 kéré. Bí wọ́n ṣe kọ abẹ́rẹ́ fún mi nìyẹn, 100 mg lọ́sẹ̀.

Òróró ni wọ́n po oògùn náà mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, màá di ìgò kékeré náà mú sí àtẹ́lẹwọ́ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí òróró náà lè dẹ̀, lẹ́yìn náà màá fà á sínú síríńjì, màá sì gún un sí itan. Ìgbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ti yí padà. Ìyàwó mi wò mí lójú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Olówó orí mi, ẹ kú àbọ̀." N kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láéláé.

Ọmọ kan la ní, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ara mi ti yá, la bá ní kí a wá èkejì. Oṣù mẹ́rìnlá, kò sí nǹkan kan. Ta sì ni wọ́n dojú kọ? Ìyàwó mi ni. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìmọye ìgbà. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín da oògùn sínú ilé ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń sunkún. Èmi tí mo dúró tì í yìí ṣì lọ gún abẹ́rẹ́ mi ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn.

Dókítà mìíràn ló wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Oògùn wo lẹ̀ ń lò?" Bí mo ṣe dá a lóhùn, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò àtọ̀ mi jáde, òdo ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú irúgbìn tó ń di ọmọ.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò tóbi ju kóró ẹ̀wà lọ. Òun ló máa ń ránṣẹ́ sí kóró ẹpọ̀n pé kó ṣe testosterone, kó sì ṣe àtọ̀. Bí testosterone bá ti ìta wọlé, tó kún inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á rò pé iṣẹ́ ti tán, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Testosterone á kún inú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ inú kóró gan-an, níbi tí àtọ̀ ti ń jáde, á gbẹ. Mo tiẹ̀ ti rí i pé kóró tèmi ń kéré sí i, mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, níbi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọkùnrin ní 200 mg testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfètò sọ́mọ bíbí. Ìfètò sọ́mọ bíbí! Ohun tí mò ń gún sí itan nìyẹn, tí mo sì ń retí ọmọ.

Ilé ìwòsàn tó fún mi lóògùn kò ṣàìbìkítà lórí ìyókù. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ lè ki jù, pé bí ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa bá kọjá 54%, wọ́n á dá abẹ́rẹ́ dúró ná. Wọ́n yẹ prostate mi wò, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀. Wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọkàn àti ìwádìí 2023 tí wọ́n ṣe láàárín ọkùnrin tó lé ní 5,000 láti mọ̀ bóyá testosterone ń pa ọkàn lára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọn kò bi mí: "Ṣé ẹ ti bímọ tán?" Bí wọ́n bá bi mí ni, ọ̀nà wà. Wọn ì bá bá mi kó àtọ̀ pamọ́ sínú fíríìsà. Wọn ì bá fún mi ní clomiphene, oògùn kan tó ń jẹ́ kí ara fúnra rẹ̀ ṣe testosterone, láìti ilẹ̀kùn àtọ̀.

Àwọn kan á ní èmi ni mi ò béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé họ́mọ̀nù ọkùnrin ló fẹ́ gbà, kí ló máa rò? Èmi rò pé á jẹ́ kí àtọ̀ mi lágbára sí i ni. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń rà á ní ilé ìdárayá láìṣe àyẹ̀wò kankan ló sì ń rò bẹ́ẹ̀.

Mo ti dá abẹ́rẹ́ testosterone náà dúró. Agara yẹn padà dé, ó tiẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní báyìí, hCG ni wọ́n ń gún fún mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, họ́mọ̀nù kan náà tí àyẹ̀wò oyún máa ń wá nínú ìtọ̀ obìnrin. Ó ń ṣe bí ìránṣẹ́ ọpọlọ, kí kóró lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù kẹfà, òdo ṣì ni. Oṣù kẹsàn-án, mílíọ̀nù 3 nínú mìlílítà àtọ̀ kan. Ó ṣì kéré gan-an. Ìyàwó mi gba bébà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi ìka rẹ̀ tẹ orí 3 yẹn, kò tètè gbé e kúrò. Oṣù tó ń bọ̀ la tún ń padà lọ.