Kì í Ṣe Ìdọ̀tí Kílípà Ló Ń Fa Bọ́ǹpù Irùngbọ̀n

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan gbé fọ́tò àgbọ̀n rẹ̀ síta lọ́sẹ̀ yìí, kókó dúdú tí wọ́n ń pè ní bọ́ǹpù kún un láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn, ó ní kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn. Kíá ni ìdáhùn ti rọ́ dé: "Kílípà bábà yín ló dọ̀tí." "Ẹ da sípíríìtì sí i, ẹ jẹ́ kó ta yín dáadáa, kòkòrò ibẹ̀ á kú." Ẹlòmíì ní kó ra ṣéfíǹ sítíìkì alábẹ márùn-ún, kó fá a kanlẹ̀ kó lè dán. Irú ìmọ̀ràn báyìí ló ń ba àgbọ̀n àwọn ọkùnrin jẹ́, ó sì tó gẹ́ẹ́.

Bọ́ǹpù irùngbọ̀n kì í ṣe àrùn tí ènìyàn kó lára ẹlòmíì. Irun onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń gún un. Irun ọ̀pọ̀ àwa adúláwọ̀ ká, àní ihò tó ti ń hù jáde pàápàá tẹ̀ nínú awọ. Bí abẹ bá ti gé e, ẹnu rẹ̀ á mú ṣóṣóró bí abẹ́rẹ́. Tó bá wá ń hù padà, kò ní lọ tààrà. Á tẹ̀, á yí ojú padà, á sì gún awọ wọlé nítòsí ibi tó ti jáde. Ọ̀nà kan nìyẹn. Èkejì burú jù ú lọ: wọ́n ti gé irun náà kọjá ojú awọ, kò tíì jáde rárá tó fi ń gún ògiri ihò rẹ̀ láti inú. Ara ò mọ̀ pé irun òun ni, ojú àlejò ló fi ń wò ó, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ á wú, á máa yúnni, nígbà míì á ṣe ọyún díẹ̀. Ọyún yìí ló ń tan ènìyàn jẹ tí wọ́n fi ń pariwo kòkòrò.

Ṣé ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ má fá a. Lọ́dún 1956 ni Strauss àti Kligman, àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n fi hàn pé irun tó yí padà gún awọ ni ìdí rẹ̀, àti pé bí ènìyàn bá dá irùngbọ̀n sí, kókó náà ń lọ. Bí irun bá ṣe ń gùn sí i ló ń ta bíi rọ́bà, á fa orí ara rẹ̀ yọ kúrò nínú awọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè nira, torí àwọn irun kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ṣì ń gúnni. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, èyí tó pọ̀ jù ti lọ sílẹ̀, láìsí sípíríìtì, láìsí oògùn kòkòrò kankan. Kòkòrò wo ló ń kú torí pé irùngbọ̀n gùn?

Àwọn ológun Amẹ́ríkà pàápàá mọ̀ ọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí òfin wọn tó le sí i lọ́dún 2025, ni dókítà wọn fi ń fún sójà tí bọ́ǹpù ń dà láàmú, adúláwọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ní ìwé àṣẹ pé kó má fá irùngbọ̀n kanlẹ̀, kó kàn gé e mọ sí ìdámẹ́rin ínǹṣì, bíi mìlímítà 6. Ká ní ìdọ̀tí ni, ọṣẹ ni wọn ì bá kọ fún wọn. Ẹ sì wo ẹni tó ń fá irùngbọ̀n nílé ara rẹ̀, tó ń fi abẹ tuntun tí ẹnikẹ́ni ò lò rí fá a, tí bọ́ǹpù ṣì bo ọrùn rẹ̀. Kílípà ta ló kó o ràn án?

Òótọ́ ni pé kílípà tó dọ̀tí lè kó làpálàpá ran ènìyàn, kí bábà fọ tirẹ̀. Bọ́ǹpù kọ́ nìyẹn.

Ní ti sípíríìtì, ìdí tó fi ń ta yín ni pé abẹ ti bó awọ yín. Ṣe ló ń fa omi ara ibẹ̀ gbẹ, awọ á le, á sì máa bó. Ṣéfíǹ sítíìkì alábẹ púpọ̀ ní tirẹ̀, abẹ àkọ́kọ́ á fa irun sókè, èyí tó tẹ̀ lé e á gé e, kùkùté tó kù á wá sún padà sísàlẹ̀ awọ. Ọ̀nà kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Fífi ọwọ́ fa awọ le nígbà tí ẹ bá ń fá a ń ṣe ohun kan náà.

Ẹni tó bá gbọ́dọ̀ fá a, kó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí irun rẹ̀ dà sí. Ẹ jẹ́ kó hù fún ọjọ́ méjì, kí ẹ fi ìka ra á. Apá ibi tó bá ti ń yọ̀ lábẹ́ ìka ni irun dà sí. Ibi tó bá ti ń kọ ìka ni òdìkejì rẹ̀. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dà sí. Ní ọrùn, ó lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè dà sókè, ó tilẹ̀ lè yí po lábẹ́ eegun àgbọ̀n. Ibẹ̀ gan-an ni bọ́ǹpù ń pọ̀ sí jù, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń wọ́ abẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìwò ó.

Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí irun mu omi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kéré tán. Irun gbígbẹ le. Èyí tó mu omi rọ̀, abẹ á gé e láìfà á. Ẹ wá pa ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tó hó dáadáa sí i, kó má gbẹ kí ẹ tó fá a. Abẹ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kó dagun bíi dígírì 30 sí awọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀n ara sítíìkì náà tó o. Ẹ fá a síbi tí irun dà sí, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ṣan abẹ lẹ́yìn ìwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tún ọṣẹ pa kí ẹ tó padà síbẹ̀. Tó bá ṣì ń ha díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, àgbọ̀n tó dán bíi ti ọmọdé kì í ṣe tiwa. Bí abẹ bá ti ń fa irun dípò kó gé e, ẹ jù ú nù. Lẹ́yìn náà, omi tútù, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láìnù ún, kí ẹ sì fi ìpara tí kò ní òórùn àti ọtí nínú pa á.

Ẹni tí bọ́ǹpù tirẹ̀ bá ti pọ̀, kó gbàgbé abẹ. Kílípà ni kó lò, kí bábà fi gáàdì sí i, kó ṣẹ́ ku mìlímítà kan ó kéré tán. Síírò tí ẹ fẹ́ràn yẹn, ìyẹn gígé kanlẹ̀ láìsí gáàdì, ló ń dá yín padà síbẹ̀.

Bí ẹ bá rí irun tó ká wọlé, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti sè gbé orí rẹ̀ jáde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má wa ibẹ̀, ẹ má sì fà á tu, èyí tó máa hù padà tún lè gún yín láti inú. Ẹ yẹra fún àwọn ìpara tó ní clobetasol, oògùn sítẹ́rọ́ìdì tó le gan-an, tí wọ́n ń tà káàkiri láìsí ìwé dókítà. Wíwú á lọ ní ọjọ́ díẹ̀, irun ṣì wà níbẹ̀, ìpara náà á sì máa mú awọ fẹ́lẹ́. Tí kókó bá ti ń le, tó ń tóbi, pàápàá fún ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń hù sókè, dókítà awọ ara ni kó lọ rí kó tó tún fi abẹ kàn án.