Ẹ Yéé Fi Ìka Fa Súùmù, Ẹ Rìn Súnmọ́ Nǹkan!

Ó ti sú mi o! Gbogbo ìgbà tá a bá dúró ní Madalla láti ya fótò pẹ̀lú àpáta Zuma, tí mo bá gbé fóònù fún èèyàn pé kó bá mi yà á, àfi kó lọ dúró sí ọ̀nà jínjìn réré, kó wá máa fi ìka méjì fa ojú fóònù, ojú mi á wá rí wúruwùru bí ìwé tí òjò pa. Súùmù tẹ́ ẹ ń fà yẹn, tó bá ti kọjá agbára lẹ́ǹsì, kì í mú nǹkan súnmọ́ rárá, ṣe ló kàn ń gé àárín fótò, tó wá ń fẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ rìn wá síwájú jàre! Eruku ọyẹ́ Àbújá yìí náà tún wà ńbẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ súyà ni wọ́n á tún fi kan lẹ́ǹsì, kò sẹ́ni tó máa nù ún, tó bá dalẹ́ iná á fọ́n káàkiri inú fótò, wọ́n á ní fóònù mi ni ò dáa. Fóònù wo ni ò dáa? Ẹ fi etí aṣọ nù ún kẹ́ ẹ tó yà á! Odindi àpáta tó wà lẹ́yìn owó 100 náírà, ẹ gé orí ẹ̀ sọnù, ẹ wá ń ya bàtà mi.