Ẹ fi Barney sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ sùn, torí ó ti wà nínú mi láti àná.

Lóru àná, a wà ní yàrá tí a ti máa ń jẹun níbi iṣẹ́, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n sí ibi tí wọ́n ti ń ju dáàtì, ọfà kékeré tí wọ́n ń jù sí pátákó. Raymond van Barneveld, tí wọ́n ń pè ní Barney, ló dúró síwájú pátákó. Ó ju mẹ́ta, kò sí èyí tó bọ́ síbi tó fẹ́. Ó tún ju mẹ́ta, ọ̀kan péré ló wọlé. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ dáadáa tó máa ń bá mi gbé ẹrù bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bàbá yìí o. Wọ́n ní ó ti fẹ̀yìntì nígbà kan rí. Kí ló tún padà wá ṣe? Ojú ò tì í ni?"

Mo ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bú?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí ìgbà ẹni bá ti kọjá, ó ti kọjá nìyẹn."

Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo délé, mo ṣí fóònù, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo tún bá níbẹ̀. Kó lọ jókòó sílé. Ó ń ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní eré ilé ọtí lásán ni dáàtì, kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ̀yin yẹn, mi ò ní tiyín lónìí. Ẹ lọ dúró ní mítà 2.37 sí pátákó, kí ẹ ju ọfà kékeré sínú ààyè tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 8 lọ, kí ẹ wá padà wá bá mi sọ̀rọ̀.

Ìparí ọdún 2006 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá òyìnbó kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ni mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò níṣẹ́, mi ò lọ́rẹ̀ẹ́, òtútù sì fẹ́ pa mí. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2007, bàbá onílé kan ilẹ̀kùn mi, ó ní kò dáa kí èèyàn dá nìkan wà lọ́jọ́ ọdún tuntun, kí n wá jókòó. Àṣekágbá ìdíje àgbáyé ni wọ́n ń gbà ní Circus Tavern, ní Purfleet. Phil Taylor, tó ti gba ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá nígbà yẹn, ló ń bá Barneveld tó wá láti Nẹ́dálándì fà á.

Bàbá onílé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Láti 501 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o bá jù, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, títí yóò fi tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọfà tó máa parí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú òrùka tín-ín-rín tó wà létí pátákó, èyí tó ń sọ iye di ìlọ́po méjì, tàbí sí àárín gbùngbùn. Bí wọ́n bá ti jù ú, bàbá á yíjú sí mi: "Ó ku mélòó?" Èmi á máa fi ìka ṣírò.

Eré 501 mélòó kan ló ń para pọ̀ di sẹ́ẹ̀tì kan. Taylor gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo rò pé ó ti parí. Bàbá ní kí n má tíì dìde, ó ní apínlẹ́tà ni ọkùnrin yẹn tẹ́lẹ̀ ní Den Haag, àwọn tó ń pín lẹ́tà kì í tètè rẹ̀. Apínlẹ́tà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbá mi mú. Mo ní ẹni tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn pín ìwé fún onílé, òun náà ló dúró síwájú gbogbo ayé yìí? Láti ìṣẹ́jú yẹn ló ti di tèmi. Ó lé e, ó lé e, ó di 6 sí 6. Sẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn gan-an tún di 5 sí 5, ó wá ku eré 501 kan ṣoṣo tí yóò pín wọn níyà. Barneveld ló gbà á. Bàbá onílé tó jẹ́ ti Taylor bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ń fò sókè nínú ilé onílé.

Ìkarùn-ún nìyẹn o. Ó ti gba mẹ́rin ní Lakeside, níbi tí àjọ mìíràn ti ń ṣe ìdíje àgbáyé tiwọn, kó tó dé ọ̀dọ̀ Taylor: 1998, 1999, 2003, 2005. Ní 1995, Richie Burnett nà án ní àṣekágbá, 6 sí 3. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, àwọn méjèèjì tún pàdé níbẹ̀, ó gbà á padà, 6 sí 5, kò sì sí ará Nẹ́dálándì kankan tó ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń ní kó lọ jókòó nìyẹn.

Nígbà tí bàbá onílé mi fẹ̀yìntì, oṣù àkọ́kọ́ dùn. Ó kun ọgbà, ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Nígbà tó yá, bí mo bá ti iṣẹ́ òru dé láago márùn-ún ìdájí, màá bá a lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti wọ bàtà, ó ti so okùn rẹ̀ dáadáa, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan, "Ṣé ẹ ń jáde ni, sà?" Ó ní rárá. Ó ní ẹsẹ̀ òun ló jí. Mi ò lè gbàgbé bàtà yẹn láéláé.

Torí náà, nígbà tí Barney kéde lórí tẹlifíṣọ̀n ní Rotterdam, oṣù kẹta 2019, lẹ́yìn tí Michael van Gerwen nà án 7 sí 1, pé òun ti parí, tó sì yí ọ̀rọ̀ náà padà lọ́jọ́ kejì, àwọn èèyàn fi ṣẹ̀sín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹsẹ̀ tó jí. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Darin Young lé e jáde ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje àgbáyé, òun alára sì sọ pé òun ò ní dárí rẹ̀ ji ara òun láé. Ó lọ sílé. Kò tó ọdún kan tó fi ní òun ń padà bọ̀.

Wọn ò sì fi iyì àtijọ́ sí i lọ́wọ́ o. Ó tò sẹ́yìn àwọn ọmọdé níbi ìdíje tí wọ́n fi ń wá káàdì ìwọlé sí eré àwọn tó ń fi dáàtì ṣiṣẹ́, ó gbà á ní oṣù kejì 2021. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Bolton, ó na Joe Cullen 8 sí 6, ó gba ife. Kòrónà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wòran. Kò sí ariwo, kò sí orin. Àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ẹ sọ fún mi, ta ló ṣe ìyẹn nítorí ògo?

Àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú láti àná. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kejìlá 2023, níbi ìdíje àgbáyé ní Alexandra Palace, Luke Littler na Barney 4 sí 1. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Littler. Oṣù kìíní 2007 ni wọ́n bí i, ogún ọjọ́ lẹ́yìn alẹ́ tí mò ń fò nínú ilé onílé. Mo wò ó títí dé ìparí. Nígbà tí Barney na ọwọ́ sí ọmọ náà láti kí i, mo rí i pé mo ti ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó máa lọ sílé, ó ti tó. Èmi náà o.

Bàbá onílé mi sì ti sọ ọ́ rí, pé bí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì fún òun padà, òun ò ní gbà á, nítorí òpópónà ti ń ṣókùnkùn lójú òun lálẹ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó tún so okùn bàtà rẹ̀.

Èmi àti àbúrò yẹn tún jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ òní. Mo ti gbé e yí po láti àárọ̀, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún un.