Ká fipá mú ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ṣọ́jà, àbí ká dúró de ẹni tó bá fẹ́?

Ọmọ Ìgbóǹnà: Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnì kan ń pariwo lọ́jà lónìí pé kí ìjọba kó gbogbo ọ̀dọ́ tó ń jókòó lásán ní Ọlá-Ìyá wọ bàráàkì, kí wọ́n lọ kojú àwọn agbébọn. Mo ní kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ló ń jagun. Ẹni tí wọ́n wọ́ wá, ọ̀nà ilé ló ń wò. Ẹ dá sí i o.

Tanímọ̀la: Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló sì forúkọ sílẹ̀. Kò tó. Oṣù kìíní 1916 ni wọ́n ṣòfin pé dandan ni fún ọkùnrin tí kò níyàwó. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ó ti kan àwọn tó níyàwó náà. Ogun ńlá ń jẹ èèyàn ju iye tó ń fínnúfíndọ̀ wá lọ.

Ọmọ Ìgbóǹnà: Íńdíà náà ńkọ́, nígbà ogun Hitler? Mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọmọ ogun, kò sí òfin tó fi dandan mú wọn.

Ìyá Tòkunbọ̀: Ṣé ẹni tí ebi lé wọ bàráàkì náà lẹ ń pè ní ẹni tó fẹ́ra rẹ̀ wá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Bàbá Ṣọ́jà: Ìyá Tòkunbọ̀, ẹ ò purọ́. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Owó oṣù ló ń mú ọ̀pọ̀ wọn wá. Àmọ́ nígbà tí ìbọn bá ń dún, ta ló ń rántí owó oṣù? Ojú ẹni tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni o ò fẹ́ kó tì ọ́. Nígbà tá a ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́jà ní Zaria, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tá a ti máa gbé ìtì igi lé èjìká. Ẹni tó bá fẹ́ ṣubú, kọ́púrà tó ń kọ́ wa á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, á ní: “Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?” Gbogbo wa á jọ pariwo pé: “Èmi ni mo rán ara mi, sà!” Ìtì igi yẹn á sì fúyẹ́ díẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó bi ẹni tí wọ́n mú lójú pópó? Ẹlòmíì lẹ máa ní kó máa ṣọ́ ọ, ẹni yẹn ló sì yẹ kó máa ṣọ́ ọ̀tá.

Ẹ wo ogun abẹ́lé tiwa. Ṣọ́jà bí 10,000 ni ìjọba àpapọ̀ ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967. Kó tó parí ní 1970, wọ́n ti tó bí 250,000, kò sí òfin tó fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Ní Biafra, ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń tira wọn lẹ́nu ọ̀nà láti wọṣẹ́. Nígbà tí ikú pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́nà ọjà.

Tanímọ̀la: Bàbá, ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn. Tí ikú bá pọ̀, ìfẹ́ á tán.

Akọ̀tàn: Kí lẹ ń wá lọ sí Íńdíà nígbà tí Òṣogbo wà níbí? Ní nǹkan bí 1840, Ìlọrin kó ẹṣin wá bá wa. Ìbàdàn ló gbà wá, Balógun Òdérìnlọ́ ló ṣáájú wọn, òru ni wọ́n sì jà kí ẹṣin má baà wúlò. Ta ló ń sanwó oṣù fún àwọn ọmọ ogun yẹn? Kò sí. Ọ̀dọ́ tó bá láyà, á lọ bá olórí ogun tó wù ú nínú agbo ilé rẹ̀. Ohun tó bá kó lójú ogun, olórí á mú nínú ẹ̀. Ìbàdàn ò lọ́ba tó lè pàṣẹ pé kí gbogbo ilé mú ọmọ wá, nítorí náà àwọn ológun ní láti fa èèyàn mọ́ra ni.

Ìyá Tòkunbọ̀: Ẹrú tó ń jà lábẹ́ wọn ńkọ́? Ṣé wọ́n fínnúfíndọ̀ náà ni?

Akọ̀tàn: Rárá o, ẹ gbá mi mú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrú tó bá jà dáadáa lè di ẹni ńlá, ìyẹn ló ń mú un jà.

Ìyá Tòkunbọ̀: Ó dáa, ẹ tún dáhùn èyí. Nígbà ogun Hitler, òyìnbó fipá kó àwọn èèyàn wa tó lé ní 100,000 lọ ibi ìwakùsà ní Jọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá lè fipá kó wọn lọ síbẹ̀, kí ló dé tí wọn ò fipá kó iye bẹ́ẹ̀ lọ jà ní Bọ́mà nílẹ̀ Éṣíà?

Akọ̀tàn: Ṣọ́bìrì lo lè fipá gbé fún èèyàn. Ìbọn, ó lè yí i sí ọ.

Ọmọ Ìgbóǹnà: Ẹ gbà á! Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Tanímọ̀la: Àyọ̀jù ni. Ẹ lọ wo abala 220 nínú òfin orílẹ̀-èdè 1999. Ó fàyè gba kí ilé aṣòfin fi dandan mú wa lọ ṣiṣẹ́ ológun. Wọn ò tíì ṣe é ni.

Bàbá Ṣọ́jà: Amẹ́ríkà ṣe é, ó sì fi í sílẹ̀ ní 1973 lẹ́yìn wàhálà Vietnam. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ná. Tí ọ̀dọ́ bá rí i pé opó ṣọ́jà ń rówó ọkọ rẹ̀ gbà lásìkò, ẹ ò ní nílò abala kankan.

Ìyá Tòkunbọ̀: Ọmọ mi kejì ti ń dà mí láàmú láti àná, ó fẹ́ owó dátà láti fi kọ fọ́ọ̀mù ṣọ́jà. Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé kí n fún un?

Bàbá Ṣọ́jà: Ẹ bi í bóyá òun ló rán ara rẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún un. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù náà o, kò gbọdọ̀ sanwó fún ẹnikẹ́ni.