Ẹ má tètè pè é ní halo

Èrò ọkàn mi rèé o: kí ẹnikẹ́ni tó kéde pé òun rí halo rédíò nínú ìdìpọ̀ gáláṣì tó jìnnà réré, kó kọ́kọ́ fi hàn wá bó ṣe yọ àwọn gáláṣì inú rẹ̀ kúrò.

Halo kì í ṣe ti gáláṣì kankan. Inú gáàsì gbígbóná tó wà láàárín wọn ló ti ń wá, níbi tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sá eré àsápajúdé ti ń yí po nínú òòfà tí kò lágbára rárá. Ó lè fẹ̀ tó mílíọ̀nù 3 ọdún ìmọ́lẹ̀.

Bí ó bá ti jìnnà, wàhálà dé. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣẹ́kù láti ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé ló ń jẹ agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyẹn, ó sì ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n (1+z)⁴. Redshift ni z yẹn, ìyẹn ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ohun kan ṣe nà tó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa: bí ohun náà bá ṣe jìnnà tó ni z rẹ̀ ṣe ń ga tó. Ní redshift 0.7, ó ti tó ìlọ́po 8 ti òde òní. Nítorí náà ni iṣẹ́ tí Gabriella Di Gennaro àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021 ṣe ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: nínú ìdìpọ̀ 19 tí redshift wọn ju 0.6 lọ, tí wọ́n fi LOFAR, awò rédíò ńlá kan ní Yúróòpù, wò, 9 ló ní irú ìgbì rédíò bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ yíyọ gan-an wá ńkọ́? Ó dà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ẹ ó kọ́kọ́ ya àwòrán pẹ̀lú kìkì áńtẹ́nà tó jìnnà síra wọn, kí ohun tó bá fẹ̀ ju bíi 400 kpc lọ má bàa hàn (kiloparsec ni kpc, ọ̀kan tó bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ 3,260). Ẹ yọ ohun tí ẹ bá rí kúrò nínú dátà fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú àwòrán, kí ẹ wá tún àwòrán yà ní bíi 15 arcsecond (arcsecond 3,600 ló wà nínú dígírì 1). Ní redshift 0.7, 1 Mpc (1,000 kpc) ò ju bíi arcminute 2.3 lọ (60 arcsecond ni arcminute 1), àyè ò sí fún àṣìṣe. Bí ẹ bá ṣà á kù, ìrù rédíò tí gáláṣì kan ń fà lẹ́yìn á dúró síbẹ̀ bíi halo. Bí ẹ bá ṣà á jù, ẹ ti da ẹ̀wà nù mọ́ òkúta. Calibration, ìyẹn títún àṣìṣe áńtẹ́nà ṣe nínú dátà, náà lè gbé halo mì bí halo ò bá sí nínú àpẹẹrẹ ojú ọ̀run tí ẹ lò. Àwọn áńtẹ́nà tó súnmọ́ra ni kí ẹ yọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni “a ò rí halo” tí wọ́n ń kọ láti orí dátà 1.4 GHz nìkan. Láti 144 MHz tí LOFAR fi wò ó dé ibẹ̀, halo tí spectral index rẹ̀ (ìwọ̀n bí agbára rédíò ṣe ń dínkù bí frequency bá ń ga) jẹ́ -1.3 á ti rẹlẹ̀ ní ìlọ́po 19. Tó bá jẹ́ -1.8, ó di ìlọ́po 60! Ẹ fi halo àtọwọ́dá sínú dátà yín, kí ẹ máa bu agbára kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi hàn. Ibi tó ti hàn yẹn ni ààlà tí ẹ lè kọ sílẹ̀.

Tí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ gbé e lé àwòrán X-ray. Halo máa ń tẹ̀lé ìrísí gáàsì. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí orí rẹ̀ dúró sórí gáláṣì kan, ìrù ni.