Okùn fífà ò sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀kan

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún ń parí lọ, ọ̀gá ọ́fíìsì kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, sì ti kọ ọ́ sórí WhatsApp wọn pé lọ́jọ́ Ẹtì kí gbogbo òṣìṣẹ́ wọ ẹ̀wù funfun wá fa okùn, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣọ̀kan ti ń wá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ ṣeré kí wọ́n sì jẹ ìrẹsì ni, ta ló máa bá wọn jà? Ṣùgbọ́n pé okùn ń kọ́ èèyàn láti jọ ṣiṣẹ́, irọ́ ni. Okùn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Max Ringelmann, ẹlẹ́rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan nílẹ̀ Faransé, ní káwọn ọkùnrin fa okùn, ó sì wọn agbára wọn. Ó tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1913. Ká pe agbára ẹni tó ń dá fà ní 100. Bí wọ́n bá di méjì, 93 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Bí wọ́n bá di mẹ́rin, 77. Nígbà tí wọ́n fi máa pé mẹ́jọ, ó ti di 49. Ẹni mẹ́jọ ń làágùn, iṣẹ́ ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn kan á ní fífà wọn ni kò bọ́ sákòókò kan náà. Apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní 1974, Alan Ingham àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi aṣọ di èèyàn lójú, wọ́n fi í síwájú okùn, wọ́n jẹ́ kó gbà pé àwọn mìíràn ń bá òun fà á lẹ́yìn. Àwọn ẹ̀yìn kàn ń díbọ́n ni. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni iwájú dẹ̀! Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa mọ ìwọ̀n tí òun fà. Ní 1979, Bibb Latané àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi àtẹ́wọ́ àti ariwo dán an wò, bákan náà ló rí.

"Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ni wọ́n máa fi dáni lóhùn. Ó dáa. Ìka márùn-ún inú òwe yẹn, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà.

Ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, kí wọ́n jókòó kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ẹnì kan di àwòrán mú: onígun mẹ́ta kan, róbótó méjì, ìlà kan tó gba àárín wọn kọjá. Èkejì mú bébà àti bírò. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni àkọ́kọ́ ń ṣàlàyé, èkejì ń yà á, kò gbọdọ̀ béèrè nǹkan kan. Ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wá fún wọn ní òmíràn, kí wọ́n pààrọ̀ ipò, kí ìbéèrè wà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tí kò ṣàlàyé dáadáa kò ní ibi tó máa sá sí. Ẹ má ṣe ya àwòrán ọ̀nà tó lọ láti Ọláìyá sí Òkè-Fìà fún wọn o. Ẹni tó mọ̀nà á yà á láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má sì pín ọ̀gá mọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, torí "ẹ ṣé, sà" ni yóò máa sọ sí ohun tí kò yé e.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù, ẹ bi wọ́n: kí la fẹ́ ṣe? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí la máa yí padà? Scott Tannenbaum àti Christopher Cerasoli kó ìwádìí lórí irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ jọ ní 2013: àwọn tó ń ṣe é fi nǹkan bí 20 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ta àwọn tí kì í ṣe é yọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ tún bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ gidi, ibẹ̀ ló ti wúlò jù.

Mo gbà, okùn lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì lè mú kí wọ́n kíra wọn dáadáa lọ́jọ́ Ajé. Bí ọ̀gá bá taku, kó jẹ́ mẹ́ta-mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wé okùn mọ́wọ́. Ní Taipei, olú ìlú Taiwan, ní 1997, okùn já mọ́ èèyàn tó lé ní 1,000 lọ́wọ́, apá ọkùnrin méjì sì gé.