Fóònù nìkan ò tó o

Ẹni tẹ́ ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nípa fíìmù ṣíṣe yìí ní ká má náwó lọ sílé-ìwé fíìmù, pé fóònù ti tó láti fi kọ́ ọ. Mi ò gbà o! Àbúrò mi ní Kabba níbí ń fi fóònù ya ìgbéyàwó, àwòrán ẹ̀ dáa gan-an àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ, atẹ́gùn ti bo gbogbo ẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn, bí wọ́n ṣe ń to iná? Tunde Kelani tó ń ṣe fíìmù gan-an lọ sí London Film School. Ní Nàìjíríà níbí náà, National Film Institute wà ní Jos láti 1995. Ibẹ̀ la fẹ́ gba fọ́ọ̀mù fún àbúrò mi yìí, bàbá wa ti gbà.